Dókítà ní kí n gba dírípù irin, ọkọ mi ní málítà àti mílíìkì ti tó

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún 38 ni mí, mo ní fáíbírọ́ìdì, kókó inú ilé ọmọ. Tí nǹkan oṣù mi bá dé, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ń lò. Páàdì méjì ni mo ń lẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ yóò tún yí mi láṣọ. Láti bí oṣù mẹ́rin, tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa, àfi kí n dúró láàárín kí n mí. Áìsì ló tún wá ń wù mí jẹ ṣáá. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀ ni mo ti ń rún un, àwọn ọmọ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lọ́sẹ̀ tó kọjá: PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) 23, Hb (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀) 7.5, ferritin (irin tó wà nípamọ́ lára) 6, gbogbo rẹ̀ ló kéré jù. Dókítà ní òun ò lè ṣiṣẹ́ abẹ fún mi báyìí. Oṣù méjì ni mo fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀ oníhóró. Inú rírun àti ìgbẹ́ líle bí òkúta ni mo rí níbẹ̀. Ó wá ní kí n gba irin gba ojú iṣan. Ọkọ mi ò gbà o. Ó ní ta ló ń da irin sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, kí n máa mu málítà pẹ̀lú mílíìkì. Ta ló ti gbà á rí? Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Málítà àti mílíìkì náà ni wọ́n rọ́ fún mi nígbà tí mo bí àwọn ìbejì. Sísanra ni mo sanra, PCV mi ò kúrò lójú kan. Wá poroporo ọkà bàbà, sè é, máa mu ún. Jẹ ẹ̀dọ̀ ẹran, jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa.

Nọ́ọ̀sì Wúrà: Màmá, ẹ ṣeun, ẹ̀dọ̀ ẹran dára. Ṣùgbọ́n ferritin ni àká tí ara ń kó irin pamọ́ sí, àká Àbẹ̀kẹ́ sì ti gbẹ. Ohun tó ń dà lára rẹ̀ lóṣooṣù ju ohun tí ọbẹ̀ lè dá padà lọ. Mílíìkì gan-an kì í jẹ́ kí irin wọlé dáadáa, tíì náà bẹ́ẹ̀. Áìsì tó ń wù ú jẹ yẹn, àìtó irin ló sábà máa ń fà á.

Àbẹ̀kẹ́, bí a ṣe ń ṣírò iye irin tí ẹ nílò rèé. Ká ní ẹ wọn kílò 70, tí a sì fẹ́ kí Hb yín ti 7.5 dé 13. A ó sọ 70 di ìlọ́po 5.5 (ìyàtọ̀ àárín 13 àti 7.5), ká tún sọ ọ́ di ìlọ́po 2.4, ká wá fi 500 kún un fún àká. Ó lé ní mílígírámù 1,400. Oríṣi irin ojú iṣan kan wà tó ń jẹ́ iron sucrose, mílígírámù 200 la sábà ń fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé ẹ ó lọ ẹ ó bọ̀ lẹ́ẹ̀méje. Oríṣi kejì, ferric carboxymaltose, a lè fúnni ní 1,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwọ̀nba tó kù a di ọ̀sẹ̀ kejì. Ó wọ́n jù ú lọ, àmọ́ ẹ ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ ọn.

Bàbá Àgbà: Ẹ rọra o. Ìyá mi gba abẹ́rẹ́ dúdú kan sí ìdí nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní ó ń fúnni. Ojú ibẹ̀ dúdú bí ẹni lẹ èédú mọ́ ọn títí wọ́n fi kú. Mo sì gbọ́ pé ẹlòmíì dákú sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nọ́ọ̀sì Wúrà: Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Irin ayé àtijọ́ nìyẹn, òun ló máa ń bínú sí ara jù. Ti ìsinsìnyí sàn jù ú lọ, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan á wá fà sí i lára nínú pálọ̀ o! Ibi tí ọ́síjìn àti adrenaline (abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbani bí oògùn bá bínú sí ara) wà ni kó ti gbà á, kí wọ́n sì máa wò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá tán. Bí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú tàbí kó máa ta á, kó pariwo kíá, torí irin tó bá jò sábẹ́ awọ a máa fi àpá pupa rúsúrúsú sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí ibà tàbí àìsàn kòkòrò bá wà lára, ẹ sún un síwájú. Ẹni tó jẹ́ SS tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà, irin lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbà á láìṣe àyẹ̀wò.

Mọrẹ́nikẹ́ ti Peckham: Mo gbà á níbí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó kọjá. Omi náà pọ́n bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹnu mi fi ń ṣe bí ẹni lá kọ́bọ̀, àyà mi fún, ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo ti rò pé ó parí. Nọ́ọ̀sì tì í pa, ó wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kò lọ sílẹ̀. Nígbà tí ara mi balẹ̀, ó tún un tú, ó jẹ́ kó máa kán díẹ̀díẹ̀. Ara ro mí fún ọjọ́ méjì. Má retí pé lọ́jọ́ kejì wàá máa sáré o. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ṣàkíyèsí pé mi ò ṣí fíríìsà wá áìsì mọ́. PCV mi ò gòkè dáadáa títí di ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Délé: Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni wá, a kì í gba ẹ̀jẹ̀. Irin ojú iṣan yìí ni wọ́n fún ìyàwó mi kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi lóyún, PCV rẹ̀ 27. Ṣé ó lè gbà á?

Nọ́ọ̀sì Wúrà: Kì í ṣe láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, Màmá. Wọ́n fi irin ojú iṣan wé oníhóró lára àwọn aláboyún tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Èkó àti Kánò. Nígbà tí oyún wọn pé ọ̀sẹ̀ 36, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì kéré kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Nítorí náà, bí oníhóró bá bá ara rẹ̀ mu, kó máa lò ó.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá bi mí pé ṣé irin yìí á mú fáíbírọ́ìdì kúrò.

Nọ́ọ̀sì Wúrà: Rárá o. Garawa tó ń jò la ń pọnmi sí. Ẹ bi dókítà léèrè oògùn tí yóò dín nǹkan oṣù kù títí iṣẹ́ abẹ á fi dé.

Àbẹ̀kẹ́: Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ. Ọkọ mi ní òun ń tẹ̀ lé mi, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí omi aláwọ̀ àgbo yẹn.