Eré Kòríà wo ni kí n wò báyìí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo eré Kòríà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Dae Jang Geum tí wọ́n ṣe ní 2003 ló kó mi wọ ọ̀rọ̀ yìí. Apá 54 ni, síbẹ̀ mi ò fo ọ̀kankan. Lee Young-ae, òṣèré tó ṣe ọmọbìnrin ilé ìdáná ọba nínú ẹ̀, kì í pariwo. Ojú lásán ló fi ń sọ̀rọ̀, wàá sì mọ ohun tó ń dun ọmọbìnrin yẹn.

Àwọn tuntun wọ̀nyí ńkọ́? Apá 16 péré ni ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ tó bá ti di apá 11 báyìí, ìtàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀: ìjàǹbá mọ́tò, ẹni tó gbàgbé orúkọ ara ẹ̀, olólùfẹ́ tó sá lọ sókè òkun láìdágbére. Wọ́n á tún mú ọmọkùnrin olórin tójú ẹ̀ ń dán, tí ò lè sunkún kó dénú, wọ́n á ní òun ni ọ̀gágun. Ọ̀gágun wo? (Ìyá mi ní ìpara ẹ̀ ti pọ̀ jù.)

Ẹ bá mi dárúkọ èyí tí ìtàn ẹ̀ ò já sófo níparí, tí àwọn àgbà òṣèré sì ráyè ṣeré nínú ẹ̀. Àbí kí n yà sọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáànù, tó jẹ́ pé apá 10 tàbí 11 ni tiwọn sábà máa ń ní? Eré ìfẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ má fún mi o.