Neodymium àti praseodymium kọ̀, wọn ò pínyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kẹ́mísìrì. Mágínẹ́ẹ̀tì inú háàdì dísíìkì àtijọ́ ni mo fi ásíìdì yọ́, oxalic acid ni mo sì fi ya irin kúrò níbẹ̀. Ó wá ku neodymium àti praseodymium, mẹ́táàlì méjì tó jọra gan-an tí mo fẹ́ yà sọ́tọ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dojú rú.

Resin Dowex 50 (àwọn hóró ike kéékèèké tó máa ń di mẹ́táàlì mú) ni mo kó sínú ọ̀pá gíláàsì, HIBA (ásíìdì tó máa ń fa mẹ́táàlì kúrò lára resin) tí pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe kan tó, jẹ́ 4.5 ni mo ń dà gba inú rẹ̀. Neodymium ló ń kọ́kọ́ jáde bó ṣe yẹ. Omi rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n fi ṣan ife zobo. Àmọ́ kó tó tán, àwọ̀ ewé ti praseodymium á ti dé, àwọn méjèèjì á wá jọ máa ṣàn.

Mo ti dín eré omi náà kù, mo ti fi kún gígùn resin, pàbó ni. Mo mọ ọ̀nà EDTA (kẹ́míkà mìíràn tó máa ń di mẹ́táàlì mú) àti bàbà tí onímọ̀ kẹ́mísìrì Frank Spedding lò ní Ames, ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń gba resin púpọ̀, owó ọwọ́ mi ò sì ká a.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ yí padà: ṣé kí n dín mẹ́táàlì tí mò ń kó lé resin kù ni, kí n mú ọ̀pá náà gbóná, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ láti pH tó rẹlẹ̀ ju 4.5 lọ, kí n wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀?