Ohùn ta ni à ń gbọ́: ti YBCO ni tàbí ti gírísì?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ti fi ìró tí etí kò lè gbọ́ yẹ YBCO (àdàpọ̀ yttrium, barium, copper àti ọ́síjìn) wò rí, kí ó jọ̀wọ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èmi fi gírísì lẹ ègé lithium niobate tí ń sọ iná di ìró mọ́ YBCO tí a sun bí ìkòkò, mo sì rọra ń mú un tutù. Bí a ṣe dé nǹkan bí 200 K (ìwọ̀n Kelvin, ìyẹn nǹkan bí -73 °C), ìyára ìró náà yí padà lójijì, mo sì rò pé mo ti rí nǹkan ńlá. Ìgbà tí mo tú u ni mo rí i pé gírísì náà ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.

Akin Ọ̀yọ́: Gírísì ni.

Abẹ́ní: Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ má tíì dájọ́. Èmi náà rí i ní sàkáánì 200 K, lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú gírísì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀nà tí ìró náà gbà nígbà tí mò ń mú un tutù kọ́ ni ó gbà padà nígbà tí mò ń mú un gbóná.

Bàbá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ Abẹ́ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n YBCO tí a sun kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí ń fọ́n ìró ká, ìdí nìyẹn tí mo fi kúrò nídìí rẹ̀. Kírísítálì ẹyọ kan, tí kò tó èékánná ìka kékeré, ni mo wá ń lò: a fi igun rẹ̀ méjì há àárín ègé méjì tí ń sọ iná di ìró láìfi ohunkóhun lẹ̀ ẹ́, a sì ń tẹ́tí sí ìró tí òun fúnra rẹ̀ ń dún, bí agogo. Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Los Alamos ní Amẹ́ríkà fi fi hàn ní 2013 pé YBCO tí ọ́síjìn rẹ̀ kò pé ń yí ipò padà ní nǹkan bí 245 K, bẹ́ẹ̀ sì ni kò di superconductor, ìyẹn ohun tí iná ń gbà kọjá láìsí ìdènà, títí di nǹkan bí 62 K.

Akin Ọ̀yọ́: 245 K kì í ṣe 200 K, bàbá.

Abẹ́ní: Bí ọ́síjìn bá yí padà, ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ náà á yí padà. Mélòó ni ọ́síjìn tiyín, Ọmọ Ìjẹ̀bú?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: A kò wọ̀n ọ́n.

Bàbá Ìbejì: Ẹ lọ wọ̀n ọ́n kọ́kọ́, àbúrò mi.