Àbúrò ọkọ mi, ọmọ mi àti ajá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọlá: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti sú mi. Láti ìgbà tí àbúrò ọkọ mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn ni mi ò ti sinmi. Ó mú ajá wọlé, Bingo, kò bi mí. Èmi ni mò ń kó ìgbẹ́ rẹ̀, èmi ni mò ń wá oúnjẹ fún un, kọ́tìnì tí mo rà nígbà Kérésì, ó ti fà á ya. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á ní kí Ọlá, ọmọ ọdún 5, máa bá ajá jìjàkadì. "Gbé e ṣánlẹ̀! Di ìrù rẹ̀ mú!" Òun á máa pàtẹ́wọ́. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ìyá ọkọ mi á ní mo fẹ́ sọ ọmọkùnrin di ọ̀lẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ajá náà fi eyín kàn án lápá. Báwo ni kí n ṣe bá ọkọ mi sọ ọ́ tí kò fi ní dìjà?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìfaradà. Àbúrò ọkọ tèmi gbé ọdún 3 lọ́dọ̀ wa. Mílíìkì àwọn ìbejì ló ń fi mu gààrí! Ọjọ́ tó kẹ́rù ni mo tó sùn dáadáa.

Bàbá Òṣogbo: Ẹ jẹ́ kọ́mọ ṣeré. Ajá 4 ló wà nílé bàbá mi, kò sí èyí tí a ò gùn bí ẹṣin.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: "Fi eyín kàn án" báwo? Ṣé ẹ̀jẹ̀ jáde? Ṣé ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?

Ìyá Ọlá: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ mi yé yín. Bàbá Òṣogbo, mi ò ní kọ́mọ má ṣeré o. Eré géle ni mi ò fẹ́.

Ọlọ́sìn Ajá: Tí eré bá gbóná, ajá kì í mọ̀ pé eré ni mọ́. Bí ara rẹ̀ bá gan, tó ń kùn, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má jẹ́ kọ́mọ fi ọwọ́ lásán bá a ṣeré. Bọ́ọ̀lù ni kó máa jù, kí ajá sáré lọ gbé e. Tí eyín bá ti kan ara, eré tán nìyẹn. Kí àgbàlagbà sì dúró tì wọ́n, kì í ṣe irú èyí tó ń pàtẹ́wọ́.

Bàbá Òṣogbo: Ìwà òyìnbó lèyí. Ta ló ń kọ́ ajá ní eré láyé àtijọ́?

Ọlọ́sìn Ajá: Bàbá, àpá eyín ajá wà létè ẹ̀gbọ́n mi títí dòní. Láyé àtijọ́ náà ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ìyá Ọlá, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Ìyá Ọlá: Ihò eyín 2 ni, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló jáde. Ìyá ọkọ mi sun irun ajá náà, wọ́n fi epo pò ó, wọ́n fi ra ojú ọgbẹ́ Ọlá. Ó ti ń gbẹ. Abẹ́rẹ́, mi ò mọ̀. Àbúrò ọkọ mi ní ó tẹ̀lé òun láti ibùdókọ̀ ni. Ajá ò tiẹ̀ sí nílé mọ́. Mo pariwo ní Sátidé, ó bínú, ó fà á fún ọkùnrin kan ní Mọ́níyà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ gbé ọmọ, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn báyìí. Ẹ fi ti ọkọ àti ìyá ọkọ sílẹ̀ ná. Ọjọ́ 10 la fi ń ṣọ́ ajá tó bá géèyàn jẹ. Tiyín ti lọ. Dìgbòlugi lè sápamọ́ sára fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, bó bá sì fi lè hàn, ekukáká lèèyàn fi ń yè é. Irun ajá ò wò ó. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó jáde. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ jáde. Abẹ́rẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ, ẹ jẹ́ kó gbà á pé.

Ìyá Ìbejì: Ìyá ọkọ yìí náà!

Ìyá Ọlá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú wọn, àwọn ló gbé e sẹ́yìn báyìí. A ti wà nínú ọkọ̀. Àbúrò ọkọ mi ń pe ọkùnrin Mọ́níyà, kò gbé e. Ọlá ń bi mí bóyá ọ̀dọ̀ Bingo là ń lọ.