Ìdákọ̀ró kọ́, èèkàn ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹni tó fi àtẹ ọ̀rọ̀ tí à ń túmọ̀ ránṣẹ́ lánàá pe àyè kékeré tí à ń fi kún WordPress, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ìkànnì ayélujára, èyí tí a ń kọ orúkọ ibi tí ìjápọ̀ (link) máa já sí nínú ojú-ewé, ní "Pápá Ìdákọ̀ró Àkànṣe": "field" Òyìnbó ló pè ní pápá, "anchor" ló pè ní ìdákọ̀ró. Mo rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi. Pápá! Ṣé màlúù la fẹ́ dà lọ síbẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ìdákọ̀ró ló ń dùn mí. Ohun tó ń dá ọkọ̀ ró ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní "ró" inú rẹ̀ lè jẹ́ ti agogo tó ró, pé ńṣe ló ń pe èèyàn wá síbẹ̀. Látìgbà wo, sà? Ró inú nàró ni, ró inú dúró ni. Bàbá tó bí bàbá mi pẹja ní Ẹ̀pẹ́ títí ojú wọn fi ṣe bàìbàì. Bí wọ́n bá ti ju ìdákọ̀ró sómi, ọkọ̀ kò lọ mọ́ nìyẹn. Ìjápọ̀ yìí ńkọ́? Èèyàn tẹ̀ ẹ́ lókè, ó bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Kí ló dúró níbẹ̀?

Mo mọ̀ pé "a" tó ń ṣíwájú ìjápọ̀ nínú HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé ayélujára, anchor ló dúró fún. Òyìnbó wọkọ̀, ṣé dandan ni káwa náà wọ̀ ọ́? Èèkàn ni tèmi. Ìyá àgbà a kan èèkàn mọ́ ẹ̀yìnkùlé, wọn a so okùn ewúrẹ́ mọ́ ọn. Ibi yòówù kí ewúrẹ́ jẹ dé, tọ okùn lọ, wàá bá èèkàn nídìí rẹ̀. Id, ìyẹn orúkọ tí a fi sára àkọlé, ni èèkàn, ìjápọ̀ ni okùn. Ìdí nìyẹn tí id kan náà kò fi gbọ́dọ̀ wà níbi méjì lójú-ewé kan: ewúrẹ́ wo ni yóò mọ èyí tí wọ́n so òun mọ́?

Ẹ jẹ́ kí n fẹjọ́ ara mi sùn. Mo fi àyè náà sí ojú-ewé oríkì ìlú, mo kọ "ọ̀yọ́" sínú rẹ̀ tàmì-tàmì. Mo tẹ ìjápọ̀, kò lọ. Mo jókòó tì í fún wákàtí méjì. Àṣé fóònù mi kọ lẹ́tà "ọ" pọ̀ mọ́ àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà kọ "o" lọ́tọ̀ kó tó fi àmì sí i nídìí. Lójú tèmi, ìbejì ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, wọn ò mọra rí. "Oyo" lásán ni mo ń kọ síbẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi.

Ẹni tó ní èbúté ló dára jù, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà la tún padà sí yẹn. Àbúrò mi tó kọ èèkàn ní "ẹ̀kan" lálẹ́ àná, koríko lo kọ yẹn, kó o gbé e fún oní-pápá. Ti àkànṣe ṣì wà nílẹ̀ o, mi ò tíì débẹ̀.