Egbò ti jinná, àmọ́ àpá ẹ̀ ò yéé wú

Ẹ̀yin ará wa, okun o. Wáyà ló fa èjìká àbúrò mi obìnrin ya lóko lọ́nà Ògìdì, egbò náà jinná dáadáa, kò gbọ̀yún, àmọ́ àpá ẹ̀ ń wú ṣáá, ó ti kọjá ibi tó ya gan-an, ó sì ń yún un. Dókítà ní Kabba ní keloid ni.

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ ni pé tí ara bá ya, sẹ́ẹ̀lì ojú awọ á rìn wá láti etí egbò láti bò ó, sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí wọ́n ń pè ní fibroblast tó wà nísàlẹ̀ á máa ṣe kọ́lájìn, ìyẹn okùn tó ń dì í pọ̀, àwọn iṣẹ́ tí ara ń rán bíi TGF-beta ló ń darí wọn, tó bá sì ti tó, ó yẹ kí wọ́n rọlẹ̀. Tiẹ̀ ò rọlẹ̀, bíi birikilà tó parí ilé tó ṣì ń mọ ògiri lọ (àwa ò tiẹ̀ rí irú ẹ̀ rí o).

Màmá wa ní ká gé e. Dókítà ní tí a bá gé e nìkan ó lè padà tóbi ju tẹ́lẹ̀, ká fi abẹ́rẹ́ triamcinolone tí wọ́n ń gún sínú àpá náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbà á, ṣé ó rọ̀ lóòótọ́? Ṣé awọ ibẹ̀ ò ní funfun? Silicone, bíi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn ńkọ́, ṣé òógùn ò ní máa ṣí i? Tẹ́ ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀ nítòsí Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.