Ẹ gbà mí níyànjú: ṣé ẹranko òkun tuntun ni mo ní lọ́wọ́ yìí?

Ọmọ Òkè Baálẹ̀:
Ẹ kú ilé o. Òṣogbo ni mo wà, báọ́lọ́jì ni mò ń kà. Bọ̀ọ̀dá mi tó ń ṣiṣẹ́ létí òkun l'Ékòó mú nǹkan kan bọ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ara okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀ ojú omi ló lẹ̀ mọ́, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, àwọ̀ ẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, ara ẹ̀ wá kún fún tóótòòtó bí àdìrẹ táwọn ìyá wa ń ṣe níbí. Mo wá a lórí Google títí, mi ò rí èyí tó jọ ọ́. Ẹnì kan ní sea squirt ni, ìyẹn ẹranko òkun rírọ̀ tó ń fa omi wọlé tó sì ń tú u jáde, irú èyí tó máa ń gbé pọ̀. Inú ògógóró ni bọ̀ọ̀dá mi rẹ ẹ́ sí. Ṣé mo lè sọ ọ́ lórúkọ? Orúkọ Ọ̀ṣun ló wù mí kí n fi sí i.

Àǹtí Ìgbóǹnà:
Àbúrò, o káre, àmọ́ ṣe sùúrù ná. Tó bá jẹ́ pé òun ni lóòótọ́, kì í ṣe ẹranko kan, agboolé ni. Ẹ̀dá kékeré kọ̀ọ̀kan inú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní zooid, ọ̀pọ̀ wọn ò ju mílímítà díẹ̀ lọ, oníkálukú ló ní ẹnu tiẹ̀ tó fi ń fa omi òkun wọlé, á sẹ́ oúnjẹ kúrò nínú ẹ̀ bí ìgbà tá a bá ń sẹ́ ògì, ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ nínú wọn ojú ihò kan náà ni gbogbo ilé ń da omi àlòkù gbà.

Má gbára lé àwọ̀ rárá. Sea squirt kan wà, Botryllus schlosseri, tí onímọ̀ ẹranko tó ń jẹ́ Pallas ti sọ lórúkọ láti 1766, oríṣiríṣi àwọ̀ lo máa bá a, irú kan náà ni. Inú ara ni wọ́n ń wò lábẹ́ maikirosíkóòpù: wọ́n á ka ìlà àwọn ihò tó wà lára àpò tó fi ń mí, wọ́n á wo ikùn ẹ̀, ibi tí ẹyin wà, àti ọmọ ẹ̀ tó bá wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ògógóró yẹn fi dùn mí. Tó o bá ju ẹ̀ sínú ọtí láàyè, gbogbo ẹ̀ á súnkì, kò ní sí nǹkan tó o máa rí kà. Menthol ni wọ́n ń kọ́kọ́ dà sínú omi òkun tó wà kó fi sùn, lẹ́yìn náà formalin, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú ẹran jẹrà, fún èyí tí wọ́n máa là wò, ọtí 95% fún DNA. Ògógóró ò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Òkèfìà:
Ẹ ṣeun Àǹtí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àbúrò. Ìdí ọkọ̀ ojú omi làwọn ẹranko yìí máa ń lẹ̀ mọ́ lọ sílẹ̀ olókèèrè. Ẹ wo sea squirt tó ń jẹ́ Didemnum vexillum, New Zealand ni wọ́n ti rí èyí tí onímọ̀ kan, Patricia Kott, fi sọ ọ́ lórúkọ ní 2002, ìgbà tó yá ni ìwádìí wá fi hàn pé ó jọ pé Japan ló ti wá. Ó lè jẹ́ àlejò l'Ékòó kó má jẹ́ àlejò láyé.

Ọmọ Òkè Baálẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an. Màá ní kí bọ̀ọ̀dá mi bá mi mú òmíì. Tó bá wá jẹ́ tuntun lóòótọ́ ńkọ́?

Àǹtí Ìgbóǹnà:
O máa fi wé gbogbo ìbátan ẹ̀ tí wọ́n ti kọ nípa ẹ̀, títí kan àwọn ìwé àtijọ́. Ọ̀kan tó o bá yàn nínú wọn ni holotype, òun lorúkọ so mọ́, mùsíọ́ọ̀mù ló máa wà káwọn mìíràn lè padà yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lo ti gbé e jáde, dandan ni kó o forúkọ ìwé náà sílẹ̀ ní ZooBank, ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹranko sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wo Clavelina ossipandae, sea squirt kan ní Japan, àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ òkun ti ya fọ́tò ẹ̀ tipẹ́, gbogbo ayé ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ àfìgbà táwọn onímọ̀ méjì, Hasegawa àti Kajihara, rí i mú tí wọ́n sì yẹ inú ẹ̀ wò ló tó gborúkọ ní 2024. Ohun funfun tó dà bí eegun lára ẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni.

Sọ fún bọ̀ọ̀dá ẹ kó kọ ọjọ́, ibi tó ti mú un àti bí omi ṣe jìn tó. Pẹ́ńsù ni kó fi kọ ọ́ sórí bébà, kó ju bébà náà sínú ìgò, torí báírò á ṣí nínú ọtí.